Ọjọ́ Ìgbafẹ́ ní Styal: Odò, Òwú àti Ilé Àwọn Ọmọ

Ní òpin ọ̀sẹ̀, bí òjò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá gbà fún wọn, ọ̀pọ̀ ìdílé ní ìlú Manchester a máa di oúnjẹ sínú apẹ̀rẹ̀, wọn a mú ọmọ àti ajá wọn dání, wọn a sì kọrí sí abúlé kan ní apá gúúsù ìlú náà tí à ń pè ní Styal. Ọ̀nà rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kìlómítà 16 lọ. Ohun tí wọ́n ń lọ wò níbẹ̀ ni Quarry Bank, ilé-iṣẹ́ òwú àtijọ́ kan tó dúró sí etí odò Bollin. Wọn a rìn nínú igbó tó wà lẹ́bàá odò, wọn a wo ọgbà òdòdó, wọn a jókòó mu tíì, àwọn ọmọ a sì máa sáré kiri lórí koríko. Bàálù tó ń gbéra ní pápá ọkọ̀ òfuurufú Manchester, tí kò jìnnà síbẹ̀, a máa kọjá lórí wọn. Nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọn a padà sílé pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn.

Kí ló wá kan ará Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí Àjàṣẹ́ nínú ìgbafẹ́ àwọn ará Manchester? Àwa tí a ń kọ́ ọmọ ní ìtàn ní lísè mọ ìbéèrè yìí dáadáa, nítorí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kì í pẹ́ bi wá. Nínú ìwé ẹ̀kọ́ wọn, orí tó sọ nípa ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lọ́tọ̀, orí tó sọ nípa òwò ẹrú wà lọ́tọ̀, bí ẹni pé ayé méjì ni wọ́n ti ṣẹlẹ̀. Styal jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí orí méjèèjì ti pàdé lábẹ́ òrùlé kan. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ mú òǹkàwé rìn yí ibẹ̀ ká, kí a sì dúró pẹ́ díẹ̀ níbi tí ọ̀pọ̀ àlejò máa ń kọjá kíákíá.

Samuel Greg ló dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1784. Belfast, ní ilẹ̀ Ireland, ni wọ́n ti bí i ní 1758, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn arákùnrin ìyá rẹ̀ ní Manchester ló ti dàgbà. Oníṣòwò aṣọ ni wọ́n, orúkọ ìdílé wọn ń jẹ́ Hyde, òun ló sì jogún òwò wọn. Omi ni agbára nígbà náà. Láti 1771 ni Richard Arkwright ti fi hàn ní Cromford pé odò lè yí ẹ̀rọ tó ń ran òwú, àti pé ẹ̀rọ kan lè ṣe iṣẹ́ ọ̀pọ̀ obìnrin tó jókòó ti kẹ̀kẹ́ ìranwú. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ dá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kò ní wá ìlú ńlá, odò tó ń sáré ni yóò wá. Greg rí odò ní Styal, ibẹ̀ sì súnmọ́ ọjà Manchester, kò jìnnà sí èbúté Liverpool. Ohun tí kò rí níbẹ̀ ni ènìyàn. Àgbẹ̀ díẹ̀ ló wà ní àyíká, kò sì sí ohun tó wu àgbẹ̀ nínú kí agogo máa pe òun síṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí pé àìsí ènìyàn yìí ló bí ohun tí a ó sọ láìpẹ́.

Àgbá kẹ̀kẹ́ omi ni àlejò kọ́kọ́ máa ń béèrè. Irin ni wọ́n fi ṣe é, ó ga fíofío, bí omi bá sì ti ń lù ú tó ń yí, kò sí ọmọdé tí kì í la ẹnu. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí ìdílé Greg lò. Tiwọn ti lọ tipẹ́. Ilé-iṣẹ́ mìíràn ní Glasshouses, ní agbègbè Yorkshire, ni wọ́n ti gbé èyí tó wà níbẹ̀ lónìí wá. A kò sọ èyí láti ba ayọ̀ ẹnikẹ́ni jẹ́. A sọ ọ́ kí ó lè yé wa pé ọwọ́ ènìyàn ló ń to ibi ìbẹ̀wò ìtàn: ẹnì kan ló yan ohun tí a ó rí, òun náà ló sì yan ohun tí a kò ní rí.

Nínú ilé náà, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ a máa tan ẹ̀rọ fún àlejò. Òwú tí a ti ṣà, tí a sì ti yọ kóró rẹ̀, a kọ́kọ́ gba abẹ́ ẹ̀rọ tó ń yà á bí ìgbà tí a bá ń ya irun, títí gbogbo fọ́nrán rẹ̀ yóò fi nà sí ọ̀nà kan náà. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ mìíràn yóò fà á gùn, tí yóò sì lọ́ ọ di okùn tínínrín. Iṣẹ́ kan náà ni àwọn ìyá àgbà wa fi ọwọ́ ṣe: wọ́n gbọn òwú, wọ́n sì fi ìranwú ran án lórí ìjókòó níwájú ilé. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní mule ń ran ọgọ́rọ̀ọ̀rún okùn lẹ́ẹ̀kan. Apá kan rẹ̀ a yí jáde síwájú, a tún yí padà sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni láti àárọ̀ di alẹ́. Bó bá ti jáde, ọmọdé a rá pálá wọ abẹ́ rẹ̀ láti gbá èérún òwú tó bọ́ sílẹ̀. Kó tó padà, ọmọ náà gbọ́dọ̀ ti kúrò níbẹ̀. Àwọn ọmọ mìíràn ń so okùn tó bá já. A wá ọmọdé fún iṣẹ́ yìí nítorí pé ara rẹ̀ lè wọ ibi tí ara àgbà kò lè wọ̀. A sì wá a nítorí pé owó tó ń náni kò tó nǹkan.

Bí ẹ̀rọ ìhunṣọ bíi mélòó kan bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀, a kì í gbọ́ ohùn ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa mọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó lo ayé wọn nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni etí wọn di, débi pé wọ́n kọ́ láti máa wo ẹnu ara wọn kí wọ́n lè mọ ohun tí èkejì ń sọ. Èérún òwú sì ń wọ ẹ̀dọ̀fóró wọn. Àlejò máa ń dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá, yóò fi ìka di etí rẹ̀, yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì jáde.

Ibi tí ó yẹ kó lọ tẹ̀ lé e ni ilé kan tó wà lókè díẹ̀, tí ọgbà ewébẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní 1790 ni Greg kọ́ ọ fún àwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ fún un. Nǹkan bíi 90 sí 100 ọmọ ló ń gbé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ní nǹkan bí 1800, àwọn ọmọ wọ̀nyí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì gbogbo òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà. Ilé àwọn aláìní ni wọ́n ti ń kó wọn wá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, ìjọ àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló ń bọ́ àwọn tálákà rẹ̀, ẹrù ni ọmọ òrukàn àti ọmọ aláìní sì jẹ́ lọ́rùn wọn. Nígbà tí olówó òwú bá wá béèrè ọmọ, inú àwọn alábòójútó a dùn láti fà á lé e lọ́wọ́. Wọn a tilẹ̀ fi aṣọ àti owó díẹ̀ sìn ín. A ó ṣe ìwé àdéhùn, ọmọ náà yóò sì di ti ilé-iṣẹ́ títí yóò fi dàgbà. Wọ́n ń bọ́ ọ, wọ́n ń wọ̀ ọ́ láṣọ, ó ń rí ibi sùn. Owó iṣẹ́ ni kò gbà, àfi bó bá ṣe àfikún iṣẹ́ lẹ́yìn wákàtí iṣẹ́ rẹ̀.

Wákàtí bíi 12 ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi wọ́n ń rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Wilmslow. Wọ́n ń kọ́ ìwé díẹ̀ lálẹ́. Hannah, ìyàwó Greg, wà lára àwọn tó ń kọ́ wọn. Dókítà kan, Peter Holland, ń wá yẹ̀ wọ́n wò. Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́: láàárín àwọn ilé-iṣẹ́ òwú ìgbà náà, ti Styal kò sí lára àwọn tó burú jù. Ìdílé Greg ka ara wọn sí onínúure, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà fún wọn bẹ́ẹ̀. Ohun tó mú kí ilé àwọn ọmọ yìí nira fún wa láti rò nìyẹn. Ìkà a máa rọrùn láti dá lẹ́bi, ṣùgbọ́n kí ni à ń pe onínúure tó kó ọgọ́rùn-ún ọmọ jọ láìsan owó fún wọn?

Nígbà tí a bá ń ṣàlàyé ipò àwọn ọmọ wọ̀nyí fún akẹ́kọ̀ọ́ wa, ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè wa tó ń yé wọn ju gbogbo ọ̀rọ̀ Faransé inú ìwé wọn lọ: ìwọ̀fà. Ìwọ̀fà yàtọ̀ sí ẹrú. A kò lè tà á, ó ní ìdílé, ó sì ní ọjọ́ tí yóò padà sílé. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ náà tó pé, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Lóòótọ́, nǹkan méjèèjì kò dọ́gba. Gbèsè ìdílé rẹ̀ ló fi ìwọ̀fà síbi tó wà, bí wọ́n bá sì san gbèsè náà, ó bọ́. Kò sí gbèsè tí ẹnikẹ́ni lè san láti gba ọmọ Styal sílẹ̀. Àgbàlagbà ìwọ̀fà a sì máa fi apá kan ọjọ́ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ olówó, a máa fi ìyókù ṣe tirẹ̀. Ọmọ Styal kò ní ìyókù ọjọ́ kankan.

Bí a bá ti dárúkọ ìwọ̀fà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ni í dárúkọ kejì, láìjẹ́ pé a béèrè: vidomègon. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ní ilẹ̀ Benin. Òun ni ọmọ ìbátan tó wá láti abúlé, tí a sọ fún ìyá rẹ̀ pé yóò kàwé lọ́dọ̀ wa ní Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnu, tí a sì ń rí tó gbé igbá ọjà lórí ní wákàtí tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní kíláàsì. Kíláàsì a máa pa lọ́lọ́ nígbà tí orúkọ náà bá jáde. Àwọn kan nínú wọn mọ ìdí tí àwọn fi dákẹ́.

Ohun tó jẹ́ kí ilé àwọn ọmọ ní Styal yàtọ̀ ni pé ohùn díẹ̀ nínú àwọn ọmọ náà kò parun. Ní 1806, ọmọkùnrin méjì sá kúrò níbẹ̀: Joseph Sefton, ọmọ ọdún 17, àti Thomas Priestley, ọmọ ọdún 13. Hackney, lẹ́bàá London, ni wọ́n ti kó wọn wá, ibẹ̀ náà ni wọ́n forí lé, ọ̀nà tó lé ní kìlómítà 250. Wọ́n mú wọn dé iwájú adájọ́, akọ̀wé sì kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀. Joseph ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń gbé: ọmọkùnrin méjì méjì lórí ibùsùn kan, ilé tó mọ́, oúnjẹ tí kò fi bẹ́ẹ̀ ráhùn sí. Thomas ní tirẹ̀ sọ pé ẹ̀rọ ti já ìka òun kan, ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ òsì. Ó sọ pé dókítà tọ́jú òun, ó sì tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ó tó san. Nígbà tí wọ́n bi í pé kí ló dé tó fi sá, kò dá ìka náà lẹ́bi. Ó ní ìyá òun ni òun fẹ́ rí. Wọ́n dá àwọn méjèèjì padà sí Styal.

Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Esther Price, tó wá láti Liverpool, sá bẹ́ẹ̀. Nígbà tó padà, wọ́n tì í mọ́ inú yàrá kan ní òun nìkan fún ọjọ́ mélòó kan. Láàárín àkókò yẹn ni ìyàwó ẹni tó ń ṣàkóso ilé àwọn ọmọ kú, òkú rẹ̀ sì wà nínú ilé kan náà. Àwọn tó ń mú àlejò yíká lónìí máa ń sọ ìtàn yìí, àwọn ọmọdé sì máa ń súnmọ́ ìyá wọn bí wọ́n bá ń gbọ́ ọ. Ní 1847 ni ìdílé Greg fi òpin sí gbígba irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè kan wà tí àlejò lè rìn yí gbogbo ibẹ̀ ká kó má bi ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ó rọrùn: òwú kì í hù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àpò òwú tó ń gúnlẹ̀ sí Liverpool nígbà náà wá láti àwọn erékùṣù Káríbíánì, láti Pernambuco àti Maranhão ní Bùràsíìlì, lẹ́yìn náà, jù lọ, láti àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù Amẹ́ríkà. Ọwọ́ ẹrú ló gbìn ín, ọwọ́ ẹrú ló ṣà á. Ìdílé Greg kò sì dúró lókèèrè sí ọ̀rọ̀ náà. Samuel Greg jogún oko ìrèké kan tó ń jẹ́ Hillsborough ní erékùṣù Dominica, pẹ̀lú àwọn ẹrú tó wà lórí rẹ̀. Bí ó ti ń bọ́ ọmọ aláìní ní Styal ni èrè oko náà ń wọlé fún un.

Ọdún kan náà, 1833, ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin méjì tí ó kan ilé yìí. Òfin kìíní sọ pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́sàn-án má ṣe ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ òwú mọ́, kí àwọn tó jù wọ́n lọ díẹ̀ má sì ṣe ju wákàtí mẹ́sàn-án lọ lójúmọ́. Òfin kejì fi òpin sí oko ẹrú ní àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ya 20 mílíọ̀nù pọ́n-ùn sọ́tọ̀ láti fi tu àwọn tó ní ẹrú nínú. Àwọn ẹrú kò gba kọ́bọ̀. Ìdílé Greg wà lára àwọn tó gba owó náà. Samuel fúnra rẹ̀ kú ní 1834. Ní ọdún méjì ṣáájú, àgbọ̀nrín kan ti kàn án lábọ́ lórí ilẹ̀ ara rẹ̀, ara rẹ̀ kò sì le dáadáa mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ọdẹ Kétu ni kó bá wa túmọ̀ ìyẹn.

Ní etíkun tiwa ńkọ́? Ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, Àjàṣẹ́ wà lára àwọn èbúté tí Ọ̀yọ́ ń gbà ta ẹrú fún òyìnbó. Aṣọ sì wà lára ọjà tí wọ́n fi ń rà wọ́n jù lọ: aṣọ India lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà aṣọ tí àwọn ará Manchester hun láti fara jọ ti India. A kò gbọdọ̀ purọ́ mọ́ Quarry Bank. Òwú ríran nìkan ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ títí di àwọn ọdún 1830, Gẹ̀ẹ́sì sì ti fi òfin de òwò ẹrú láti 1807. Kò sí ẹni tó lè nawọ́ sí okùn kan kó ní okùn yìí ló ra ẹni báyìí ní Àjàṣẹ́. Ohun tí a lè sọ ni pé ọjà kan ṣoṣo ni: aṣọ ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa, ènìyàn ń lọ sí òkè òkun, òwú ń lọ sí Liverpool. Àwọn ilé Àgùdà tí a ń fi han àlejò ní Àjàṣẹ́ lónìí, àwọn tó ti Bùràsíìlì padà àti ọmọ wọn ló kọ́ wọn. Ẹni tó bá ti wo ilé Àgùdà kan, tó sì wo ilé-iṣẹ́ Greg, ti wo ìkángun ọ̀nà kan náà.

Ní 1939, Alexander Greg fi ohun ìní náà lé ẹgbẹ́ National Trust lọ́wọ́, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ilé àti ilẹ̀ àtijọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà gbé ìwé jáde ní 2020 lórí bí àwọn ilé tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ ṣe kan òwò ẹrú àti ìjọba amúnisìn, Quarry Bank wà nínú rẹ̀. Ariwo pọ̀. Àwọn kan ní ìgbafẹ́ ni àwọn wá ṣe, kí wọ́n má fi ọ̀rọ̀ ẹrú ba tíì àwọn jẹ́. Inú wa kò dùn sí èsì yẹn, ṣùgbọ́n kò yà wá lẹ́nu. Àwa náà ní ilé tí a máa ń fi ògiri rẹ̀ han àlejò láìsọ ẹni tó ru amọ̀ rẹ̀.

Benin wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó ń kórè òwú jù ní Áfíríkà. Fún ìgbà pípẹ́, bí a bá ti yọ kóró rẹ̀ tán, à ń kó o sọ́kọ̀ ojú omi ni, kí ẹlòmíràn lọ ran án. Nísinsìnyí, ní Glo-Djigbé, àwọn ilé-iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí ran òwú wa, wọ́n ń hun ún, wọ́n sì ń rán an di ẹ̀wù. Àwọn kan nínú àwọn tí à ń kọ́ lónìí yóò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nítorí náà ni a kò fi kọ́ wọn ní ìtàn Styal bí ìtàn ilẹ̀ òkèèrè.

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ náà, a ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n bá fún wọn ní ọjọ́ kan péré ní Quarry Bank, ibo ni wọ́n máa kọ́kọ́ lọ. Ọ̀pọ̀ kọ ilé àwọn ọmọ. Àwọn díẹ̀ kọ àgbá kẹ̀kẹ́ omi, wọ́n sì bẹ̀bẹ̀ kí a má ṣe bínú. Ọmọbìnrin kan kọ pé òun yóò wá ìwé tí akọ̀wé kọ nígbà tí Thomas ń sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀. Ọmọkùnrin kan láti ìhà Ṣábẹ̀ẹ́, tí bàbá rẹ̀ ń gbin òwú, kọ pé òun kò ní tíì wọlé rárá. Òun yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, òun yóò sì bi ẹni tó ń mú àlejò yíká pé èló ni wọ́n ń ra kílò kan.